Ọwọ́ Gbígbọ̀n Kì Í Ṣe Èpè, Ẹ Má Sì Fi Ẹ̀jẹ̀ Wa Du Àwọn Olùwádìí



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá sọ́dọ̀ mi ní ìkọ̀kọ̀. Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n, bí ibà bá mú ènìyàn, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa ké ibà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò tijú mọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń jiyàn lórí bẹ́ńṣì nípa ta ni tirẹ̀ ga jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ bàbá kan ni ó ń gbọ̀n láìsí òtútù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dúró títí èrò yóò fi tán. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wọn yóò sún mọ́ tábìlì mi, tí yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Wọ́n ti ṣe bàbá wa."

Ta ni ó ṣe é? Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé ni, èyí tí wọ́n ti ń jà sí láti ìgbà tí ilé ńláńlá ti ń hù bí olú ní ẹ̀gbẹ́ títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní àsàsí ni, láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Àwọn tí wọ́n rò pé ojú àwọn là yóò ní ọtí tí bàbá mu ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń gbẹ̀san. Àwọn onísùúrù yóò ní, "Ogbó ni, kí a máa wò ó." Nínú gbogbo wọn, àwọn onísùúrù yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ẹni tí ń wá aṣebi kiri ṣì lè bá dókítà pàdé lójú ọ̀nà.

Àìsàn ọpọlọ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Parkinson. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, James Parkinson, ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, àwọn tí ó ní in ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 8.5 lọ. Nínú àwọn àrùn tí ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, Alzheimer, èyí tí ń mú àgbàlagbà ṣarán, nìkan ni ó wọ́pọ̀ jù ú lọ. Ṣé gbogbo mílíọ̀nù wọ̀nyí, láti Japan dé Brazil, ni wọ́n ń bá ẹbí jà nítorí ilẹ̀?

Ní ìsàlẹ̀ jinlẹ̀ nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pèsè èròjà tí a ń pè ní dopamine. Èròjà yìí ni ó ń jẹ́ kí ara gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọpọlọ lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: kí ọwọ́ gbé ife, kí ẹsẹ̀ gbéra, kí ojú rẹ́rìn-ín. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọwọ́ bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń dá a mọ̀, nítorí pé ará ilé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Gbígbọ̀n náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ kan, pàápàá nígbà tí ọwọ́ náà bá sinmi lórí itan. Àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yóò máa yí lura wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń ka tẹ̀sùbáà. Bí bàbá bá na ọwọ́ láti mú nǹkan, ó lè dín kù. Ìrìn rẹ̀ yóò di fífà, apá kan kò ní máa jù mọ́ bí ó bá ń rìn. Ohùn rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, tí a ó máa ní "Kí ni ẹ wí, Bàbá?" nígbà gbogbo. Ìwé tí ó ń kọ yóò máa kéré sí i, títí báńkì yóò fi sọ pé ìfọwọ́sí rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu. Ojú rẹ̀ yóò le bí ojú ẹni tí ń bínú. Ìyá kan sọ fún mi pé ọkọ òun ti kórìíra òun, pé kò rẹ́rìn-ín sí òun mọ́ láti ọdún kan. Ọkọ kò kórìíra rẹ̀ o. Iṣan ojú ni kò gbọ́ràn mọ́.

Àwọn àmì mìíràn tilẹ̀ lè ti ṣáájú gbígbọ̀n ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún: kí ènìyàn máà gbọ́ òórùn ẹja yíyan mọ́, kí ìgbẹ́ máa há a, kí ó máa ju ẹsẹ̀ kí ó sì máa pariwo lójú oorun bí ẹni tí ń jà lójú àlá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ń gbọ̀n ni Parkinson. Gẹ̀gẹ̀ a máa mú ọwọ́ gbọ̀n. Àwọn oògùn kan tí a ń lò fún àrùn ọpọlọ tàbí fún èébì a máa mú ọwọ́ gbọ̀n. Gbígbọ̀n kan sì wà tí ó jẹ́ ìgbà tí ènìyàn bá gbé ife ni ó ń yọ, tí ó máa ń wà nínú ìdílé, tí kì í sì ṣe Parkinson rárá. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè fi ojú lásán ya wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà tí ó kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan ni ó yẹ kí ó wò ó. Mo mọ̀ pé láti Igbó Ẹfọ̀n dé Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa yìí, ọjọ́ kan gbáko ni. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Oògùn wà. Kò lè mú àìsàn náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí bàbá tún di bọ́tìnnì ara rẹ̀. Levodopa ni orúkọ rẹ̀, inú ọpọlọ ni ó ti ń di dopamine. Yóò ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu pé èso wèrèpè, wèrèpè tí ń yún ni lára nínú oko yìí, ní levodopa nínú. Ẹ má lọ gún wèrèpè fún bàbá yín o! Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú wọn iye tí ó wà nínú èso kan, bí ó bá sì pọ̀ jù, ìwọ̀nkuwọ̀n ni. Ti ọsibítù ni kí ẹ lò, kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jẹun, nítorí pé ẹran, ẹja àti ẹ̀wà a máa dí i lọ́nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró lójijì. Oògùn yìí wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, síbẹ̀ mo ti rí ìdílé tí ó ń pín hóró kan sí méjì nítorí owó. Ìjọba ní láti wá nǹkan ṣe sí èyí, n kò ní fi í bò.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi mí tẹ̀ lé e ni pé, "Mà, ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé yóò kan àwa náà?" Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí àwọn ará Yúróòpù rí lára ara wọn nìkan ni à bá fi dá wọn lóhùn. Ní báyìí, a ní ti wa, ìlú Èkó yìí sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ni mo ń sọ nípa rẹ̀, ti Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Yunifásítì Èkó, tí ó tún ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ńlá tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, tí gbogbo wa ń pè ní LUTH. Nígbà tí ó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Jíìnì kan wà tí ń jẹ́ LRRK2. (Jíìnì ni àṣẹ tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì wa, tí a jogún ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ìyá.) Àyípadà kan nínú jíìnì yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláìsàn Parkinson ní Àríwá Áfíríkà àti láàrin àwọn Júù kan. Wọ́n wá a lára àwọn aláìsàn wa, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008: kò sí. Wọ́n tún wá a lára àwọn mìíràn, èyí tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 2018: kò sí.

Ẹlòmíràn ìbá ti pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n "kò sí" náà jẹ́ ìdáhùn. Ó ń sọ fún wa pé ohun tí ń ṣe aládùúgbò lè máà jẹ́ ohun tí ń ṣe wá, bí ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀ ń gbọ̀n bákan náà.

Ní ọdún 2023 ni ìdáhùn kejì dé, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet Neurology. Ọ̀jọ̀gbọ́n Okubadejo, Mie Rizig ti University College London, àti àwọn olùwádìí mìíràn ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pa ọwọ́ pọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó sún mọ́ 200,000 wò, gbogbo wọn ọmọ Áfíríkà tàbí àtọmọdọ́mọ Áfíríkà lókè òkun. Àwọn tí ó ní Parkinson nínú wọn jẹ́ 1,488. Wọ́n rí àyípadà kan nínú jíìnì mìíràn, GBA1, tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwa, tí ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi láàrin àwọn ará Yúróòpù.

Kí ni iṣẹ́ GBA1? Ẹ fi ojú inú wo àwọn agbálẹ̀ LAWMA tí ń gbá títì wa ní ìdájí. Bí wọn kò bá jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mọ bí títì náà yóò ti rí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pẹ̀lú, ìdọ̀tí ń jáde lójoojúmọ́, GBA1 sì ni ó ń pàṣẹ kí a ṣe ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ tí ń kó o. Àwọn òyìnbó ti mọ̀ tipẹ́ pé jíìnì yìí ní ọwọ́ nínú Parkinson. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí wọ́n ń rí lára àwọn ènìyàn tiwọn máa ń ba agbálẹ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́: ó wá síbi iṣẹ́, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti tú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí a kọ pé pérépéré; àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni àyípadà náà fara pamọ́ sí, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé ó ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń ka àṣẹ náà, tí iye agbálẹ̀ tí ń jáde fi ń dín kù. Ìgbálẹ̀ dára. Agbálẹ̀ ni kò pọ̀ tó.

Ẹni tí ó jogún ẹ̀dà kan nínú àyípadà yìí, bí àìsàn náà ṣe lè mú un tó nǹkan bí ìlọ́po 1.5 ti ẹni tí kò ní in. Ẹni tí ó jogún méjì, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, tirẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 3.5. Bí àìsàn náà bá sì máa mú wọn, ó máa ń yá díẹ̀ sí i, ní nǹkan bí ọdún méjì fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ dúró ná. Mo mọ ibi tí ọkàn àwọn ìyá kan ti ń sáré lọ. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ti ń béèrè jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, a ti mọ AA àti AS bí ẹni mọ owó. Ìyẹn dára, nítorí pé bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. GBA1 kò jọ ọ́ rárá. Ìlọ́po ohun kékeré, kékeré náà ni. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì mẹ́ta ní àǹfààní ju ẹni tí ó ra ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni àwọn méjèèjì sábà máa ń gbé relé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ru àyípadà yìí ni yóò gbó, tí wọn yóò sì kú láìgbọ̀n rí. Ẹni tí kò ní in pẹ̀lú lè ní Parkinson. Nítorí náà, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan tú àdéhùn ìgbéyàwó ká nítorí pé ọwọ́ bàbá ìyàwó ń gbọ̀n. Bí ilé àyẹ̀wò kan bá ní òun fẹ́ fi GBA1 kún àyẹ̀wò àwọn tí ń gbèrò ìgbéyàwó, ẹ fi owó náà ra bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé bíírò gan-an ni mo dé yìí. Ibo ni àwọn olùwádìí ti rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò? Lára àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ni, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n na apá. Bí mo bá sì dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ìdílé tí mo ń rán lọ sí ọsibítù ńlá, pé wọ́n lè ní kí bàbá fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, ojú wọn yóò yí padà. "Wọ́n fẹ́ tà á ni." "Wọ́n fẹ́ kó o lọ sí òkè òkun." Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí bóyá èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀.

N kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ìfura wọn ní ìdí. Ní ọdún 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inú awọ ọpọlọ ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára wọn. Àwọn òbí kan ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà fà títí di ọdún 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano tó jọ yanjú rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tí ó rí okùn tí ó sá, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n sísá nìkan kọ́ ni ààbò. Ààbò ni ìbéèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ orúkọ ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí náà, ohun tí ó ń wá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ, ẹni tí yóò mọ̀ pé tiyín ni, àti ìgbìmọ̀ ọsibítù tí ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ lè gbà lónìí kí ẹ sì yí ọkàn padà lọ́la, ìtọ́jú bàbá yín kò sì gbọdọ̀ dín kù nítorí rẹ̀. Bí ẹni tí ó mú ìwé wá kò bá lè dáhùn wọ̀nyí, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ó bá dáhùn wọn, ẹ na apá.

Ìbàdàn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, tí ó di olóògbé ní ọdún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ń tọ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn lọ láti wádìí àrùn tí ń mú ni ṣarán. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 2001 ya ayé lẹ́nu: nínú 100 àgbàlagbà tí ó ti tó ọdún 65, àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàrin àwọn ènìyàn dúdú ní Indianapolis. Jíìnì kan, APOE, tí ó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn òyìnbó, kò sì ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Ìdíkàn. Bí àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn bá ti ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ta ni ìbá mọ̀?

Ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, wọ́n ń dán ambroxol wò fún àwọn tí ó ní Parkinson. Oògùn ikọ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà lè ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Wọ́n rí i pé ó ń ran agbálẹ̀ GBA1 lọ́wọ́. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa mu oògùn ikọ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi o. Ìdánwò ni wọ́n ṣì ń ṣe.) Ká ní ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ tú, ṣé yóò ṣiṣẹ́ fún ẹni tí agbálẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó? Kò sí bí a ó ti mọ èyí láti ara ẹ̀jẹ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ̀ wa ni ìdáhùn wà, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Igbó Ẹfọ̀n níbí.

Bí ẹ bá ń mú bàbá tàbí ìyá lọ sí Ìdí-Àràbà, ẹ tètè kúrò nílé. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí dókítà lè rí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbà tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ wo ni, àti ẹni mìíràn nínú ẹbí tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n sọ nígbà náà pé èpè ni. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé kàn nínú yín bá wọn wọlé, kí ó sì gbé àwọn ìbéèrè òkè yìí dání.